Kì í Ṣe Gásíkẹ́ẹ̀tì, Ọwọ́ Mi Ni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ó kọ́, mo kí yín. Àwọn kan nínú yín ti wá bá mi nílé ní Lakpazee, ní Monrovia níbí, wọ́n ní kí n sọ bí iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe rí, bóyá ó ṣì dára kéèyàn kọ́ ọ láyé ìsinsìnyí. Mi ò ní í fi ẹnu dídùn tàn yín. Iṣẹ́ náà dára. Èmi tí mo ṣe é gan-an ló kù díẹ̀ káàtó. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi báyìí, kì í ṣe àwọn mọ́tò tí mo tún ṣe ni mo máa ń rò. Ọkùnrin kan ni mo máa ń rò, ojú á sì máa tì mí bí ẹni pé àná ni.

Ìbéèrè tí gbogbo ayé máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò òde òní kì í pẹ́ bàjẹ́. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, gásíkẹ́ẹ̀tì ni pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti iná dà pọ̀. Bó bá ti jó, omi á máa gbẹ, èéfín funfun á máa jáde nídìí mọ́tò, ẹ́ńjìnì á sì máa gbóná títí yóò fi kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dáhùn ìbéèrè yẹn láìronú. Mo máa ń ní, "Ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa." Ìdáhùn yẹn ló ba ayé ọkùnrin tí mò ń wí jẹ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé: bàbá mi mú mi lọ, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó di ọdún márùn-ún. Ọ̀gá Làmídì le koko. Bó o bá na sípánà sí i lódì, inú koríko ló máa jù ú sí, ìwọ lo máa wá a jáde. Àmọ́ ó mọṣẹ́. Ẹ́ńjìnì ìgbà yẹn, irin dúdú ni lókè nísàlẹ̀, ó wúwo, ó sì ní sùúrù fún èèyàn. A máa ń fi ẹnu ayùn tó ti kú ha ojú irin náà, a ó fi sáńpépà gbo ó, a ó wá kun gọ́ọ̀mù sí i. Nígbà míì tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá wọ́n lọ́jà, ọ̀gá á tẹ́ páálí líle lé orí irin, á máa fi òòlù kékeré kàn án létíletí títí yóò fi gé bó ṣe yẹ kó gé. Mo fojú mi rí lọ́rì tó fi irú páálí bẹ́ẹ̀ lọ Sókótó tó sì padà wálé láyọ̀.

Bí ó bá kan bóòtù, ọ̀gá á ní kí n dijú. Á ní kí n máa fà á, kí n sọ ìgbà tó bá tó. Bí mo bá fà á jù, àbàrá ni. Bí kò bá tó, àbàrá náà ni. "Ọwọ́ ni òṣùwọ̀n," ó máa ń wí. "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá mọ ìwọ̀n, kó lọ máa ta búrẹ́dì."

Ohun kan wà tó fi yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀gá yòókù ládùúgbò. Kíkí ló ń pè é. Bí a bá de orí ẹ́ńjìnì lónìí, a ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́, a ó jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kan ẹ̀kọ láàárọ̀, a gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ ká tún fa bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀ sí i. "Ẹ lọ kí i kú àárọ̀," lọ̀gá máa ń pàṣẹ. Ọgbọ́n gidi ni, torí gásíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn rọ̀, ó máa ń lọ sílẹ̀ bí iná bá ti kàn án, bóòtù á sì dẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé láti kí ẹ́ńjìnì lọ́rì oníṣu kan, lọ́rì ti lọ sóko. Ọ̀gá ní kí n gbé sípánà lé èjìká. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ bá lọ́rì náà, ó dúró tì mí títí mo fi kí i tán, a tún fẹsẹ̀ rìn padà. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbàgbé kíkí mọ́.

Nígbà tí àwọn sójà Nàìjíríà wá pẹ̀tù sí ogun Liberia ní Monrovia níbí, mo bá wọn wá, mò ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tí wọ́n ń padà sílé, mo ti fẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, Bọ́sẹ̀ àkọ́bí wa ti ń rá, mo sì dúró. Ẹni tó gbà wá sílé ni Ẹ̀gbọ́n Ràímì, ọmọ Ìwó, Mùsùlùmí tó gbọ́ ti Ọlọ́run. Ó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Waterside kí ogun tó dé. Nínú ilé oníyàrá mẹ́ta, ó yọ̀ǹda ọ̀kan fún wa fún ọdún kan ó lé. Òun ló bá mi wá ilẹ̀ tí mo fi ṣe gárééjì ní Lakpazee. Gbogbo oníbàárà tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń sọ fún pé, "Ẹ lọ bá àbúrò mi, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní." Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ ń ṣe é fún ọdún púpọ̀: òun ń ta á, èmi ń dè é.

Mọ́tò wá yí padà. Orí ẹ́ńjìnì di alumíníọ̀mù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ṣì jẹ́ irin dúdú nínú òmíràn. Bí iná bá kan àwọn méjèèjì, ọ̀kan á wú ju èkejì lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì di irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò léra wọn, tó ń fẹ́ kí ojú ibi tó máa jókòó lé dán bí ojú dígí. Bóòtù náà di èyí tó ń nà díẹ̀ bí a bá ti dè é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì gbọ́dọ̀ lò ó. Ìwé tó ṣàlàyé gbogbo èyí máa ń wà nínú páálí gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń fi nu ọwọ́ ni.

Irinṣẹ́ tuntun kan ṣoṣo ni mo rà, ẹ̀rọ oníná tó ń yí sáńpépà bírí. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, inú mi ń dùn. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sójú alumíníọ̀mù. Tẹmósítààtì, èyí tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà omi, mo máa ń yọ ọ́ dà nù, mo ní ilẹ̀ wa ti gbóná tó. Omi kànga ni mo ń bù sínú rédíétọ̀. Bóòtù àtijọ́ ni mo ń dá padà, ọwọ́ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ kejì, mo máa ń jí lọ kí i kú àárọ̀.

Bí gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó nìyẹn. Ọ̀kan á lo oṣù mẹ́fà, òmíràn kò ní í pé oṣù méjì. Èmi tí mo rí páálí tó lọ Sókótó tó bọ̀, báwo ni mo ṣe máa rò pé ọwọ́ mi ni? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó, òun ló máa ń ní ilẹ̀ kò tẹ́jú.

Ìjọ wa ní bọ́ọ̀sì kan. Èmi ni mo tún orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, gásíkẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Ràímì ni mo lò. Kò pé oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé e lọ síbi ìsìnkú kan ní ọ̀nà Buchanan, àwọn ìyá ìjọ kún inú rẹ̀. Ó gbóná lójú ọ̀nà, ó dákẹ́. Ṣẹ́gun tó ń wà á, ọmọ wa tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, sọ̀ kalẹ̀ ó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbígbóná náà tú jáde lù ú láti ọrùn dé ìgbáàyà. Ó pẹ́ ní ọsibítù. Mo lọ wò ó lójoojúmọ́, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ mi.

Wọ́n bèèrè lóòótọ́. A ní ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tí a máa ń ṣe ní gbọ̀ngàn ìjọ, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Alága ní kí n dìde kí n ṣàlàyé. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ojú àwọn ìyá tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, mo sì ní, "Iṣẹ́ mi pé. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kò dára. Ẹni tó tà á fún mi nìyẹn, ó jókòó sẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n Ràímì dìde. Kò pariwo. "Àbúrò," ó ní, "mi ò ta ayédèrú rí. Jẹ́ ká lọ wo bọ́ọ̀sì náà pọ̀, lọ́la, lójú gbogbo èèyàn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń tajà kò lè kọ́ mi níṣẹ́ mi."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún mi. Títí di òní, mo ṣì máa ń gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di oṣù méjì, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo gárééjì, àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ yìí pàápàá ń sọ pé, "Don't buy from dah Naija man, he get fake gasket." Ẹnì kan so gásíkẹ́ẹ̀tì jíjóná kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i, mo yíjú sí òdìkejì. Ìgbà tí ọdún fi máa yí po, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó lọ sí Caldwell, ó ń gbin ewé ọ̀dùnkún tà létí odò. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ṣì ń jó. Mo ní gbogbo wọn ló ń ta ayédèrú.

Obìnrin kan ló là mí lójú. Musu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Liberia, òun ló ń bójú tó ọkọ̀ níléeṣẹ́ kan tí mo bá tún pikọ́ọ̀pù ṣe. Gásíkẹ́ẹ̀tì pikọ́ọ̀pù náà jó. Dípò kó bá mi jà, ó gbé e wá sí gárééjì mi, ó tú u lójú mi lọ́sàn-án gangan, ó pè mí ní Papay, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá níbí.

"Papay, come look it. The gasket ain't do nothing."

Ó gbé rúlà irin gbọọrọ kan lé ojú orí ẹ́ńjìnì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rúlà níbi mẹ́rin. Ó fi ìka tọ́ ipa tí sáńpépà mi fi síbẹ̀. Ó wá mú bóòtù tí mo dá padà, ó gbé e dúró ti tuntun. Tèmi ti nà ju tuntun lọ.

Mo ní mi ò kánjú dè é o, mo tiẹ̀ tún fà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Musu fọwọ́ bo ẹnu. "You tight it again? Aye, Papay. Dah you kill it so." Ó ní bóòtù òde òní kì í gba kí a tún un fà, èmi gan-an ni mo pa á.

Inú bí mi. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó wá yé mi pé àkísà tí mo ní náà ló ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Kì í ṣe pé Ọ̀gá Làmídì kọ́ mi ní àṣìṣe. Ohun tó kọ́ mi bá ẹ́ńjìnì ayé tirẹ̀ mu, èmi ni mo kọ̀ láti kọ́ tuntun.

Gásíkẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi, nínú páálí rẹ̀, tí mo rà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Ràímì fún mọ́tò tèmi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e fún Musu. Bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, mò ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ayédèrú. Ojú ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀, àmọ́ àdúrà tí mo gbà nìyẹn.

"Dah the correct one this," ni Musu wí.

Ó bá mi gbé orí ẹ́ńjìnì mọ́tò mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ dọ́gba. Ó ní kí n ra bóòtù tuntun àti omi rédíétọ̀ gidi, ó ní kí n dá tẹmósítààtì padà. Ó fi sípánà oníwọ̀n, èyí tó ń sọ ìgbà tí bóòtù bá le tó, dè é, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó parí, ó ní kí n má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wa mọ́tò náà, kò jò rí. Ojoojúmọ́ ni gásíkẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Ràímì ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ra sípánà oníwọ̀n tèmi, iṣẹ́ mi yí padà. Àwọn oníbàárà ń yìn mí. Wọ́n ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó nìyẹn." Mo máa ń mi orí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin kan wá kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀ Sátidé. Ó kúnlẹ̀, ó ní Sàlámátù lòun, ọmọ Àlàájì Ràímì. Ìgbà tí wọ́n kó lọ sí Caldwell, ọmọ ọwọ́ ni.

"Bàbá mi ní kí n wá rí yín, sà," ó ní. "Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò ní Waterside. Alága ọjà ní òun ò lè fún mi láàyè, pé fake ni ìdílé wa ń tà. Ó ní àfi kí àgbà kan nínú ìpàdé yín dúró fún mi."

Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ sọ ẹni tó fi orúkọ yẹn kàn wọ́n.

"Kò sọ rí, sà. Ó kàn ní ẹ̀yin lẹ mọ gásíkẹ́ẹ̀tì jù ní Monrovia."

Mo ní kó wọ mọ́tò, mo wa ọkọ̀ lọ sí Caldwell. Ẹ̀gbọ́n Ràímì jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ti gbẹ, ó ń di ewé ọ̀dùnkún ní ìdì ìdì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ọdún mẹ́ta tí mo fi mọ̀ tí mo dákẹ́. Sàlámátù dúró lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́.

Ó di ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Dìde. Ṣé inú ilé mi níbí lo ti bà mí lórúkọ jẹ́ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ibi tí o ti sọ tàkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kó o lọ sọ èyí."

Ní ọjọ́ ìpàdé, mo dìde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi ti padà sílé, àwọn kan ti kú. Àmọ́ Ṣẹ́gun wà níbẹ̀, àpá ṣì ń yọ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi ni.

Ṣẹ́gun dìde. "Bàbá," ó ní, "Àlàájì gbé ọsàn wá kí mi ní ọsibítù. Mo ní kí wọ́n kó o dà síta lójú ẹ̀. Torí ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ̀yin ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé ẹ wá wò mí."

Mo ní kó jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé e lọ bá Àlàájì ní Caldwell. Ó ní rárá, òun mọ ọ̀nà. Ó jáde lọ, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Alága ìpàdé kọ lẹ́tà sí alága ọjà, Sàlámátù gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí bó bá wù yín. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín kí ẹ tó wo ojú ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀kọ́ míì tí mo ní.

Àwọn mẹkáníìkì kan ṣì máa ń mú mi lọ sí Waterside láti bá wọn ṣa ọjà. Ẹ̀gbọ́n Ràímì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Ó ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ra gásíkẹ́ẹ̀tì, Sàlámátù á dì í fún un, á máa lọ. Tèmi nìkan ni bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n dì. Á ní kí n mú un jáde nínú páálí, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ ohun tí mo rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ọjà. Mo ní, "Ojúlówó ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó nawọ́ sí àwọn alábàárù àti àwọn olùtajà tó wà lódìkejì títì.

"Àwọn yẹn ò gbọ́," ó ní.

Mo tún un sọ, mo pariwo rẹ̀.